Ọwọ́ Méjì Lórí Ọkàn Kan: Bí Kátítà àti Abẹ Ṣe Ń Para Pọ̀ Tọ́jú Ọkàn Ọmọ Ìkókó

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá àwọn agbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì àti òbí tí wọ́n péjọ ní Ìbarà, Abẹ́òkúta sọ. Nígbà tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀, mo fi ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè tí ẹ bi mí lẹ́yìn ìpàdé kún un.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tí ẹ ti Láfẹ́ńwá, Ìjàyè àti àwọn abúlé Ọ̀dẹ̀dá wá, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú oòrùn. Wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tún ọkàn ọmọ tuntun ṣe. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé kò pọ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí abẹ nìkan kò lè gbà là, tí kátítà, ìyẹn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tì bọ ọkàn, nìkan kò sì lè gbà là, àfi kí ẹni tó mú abẹ àti ẹni tó mú kátítà jọ dúró ti ọmọ náà nínú yàrá kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kí àwọn méjèèjì tó pàdé rárá, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti fura sí ọmọ yẹn lásìkò. Ẹ̀yin ni ẹni náà.

Nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bá bí láàyè, níbikíbi láyé, nǹkan bí 8 ni ọkàn wọn ní àléébù láti inú oyún. Orílẹ̀-èdè wa ń bí ọmọ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 7 lọ́dún. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní 50,000 ọmọ lọ́dọọdún. Ti òmíràn jẹ́ ihò kékeré tí yóò dí fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí. Àmọ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ni ọ̀rọ̀ wọn le débi pé tí a kò bá ṣe nǹkan sí i kí ọmọ tó pé ọdún kan, ikú ló máa ń já sí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí, nítorí mo mọ ohun tí àwọn ìyàwó ń gbọ́ lẹ́nu ará ilé. Àìsàn rubella (German measles) tí aboyún kó ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ wà lára ohun tó ń fà á. Ìtọ̀ ṣúgà tí a kò tọ́jú náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ní Down syndrome, ipò àbínibí tó ń mú kí ọpọlọ ọmọ lọ́ra láti dàgbà, nǹkan bí ìdajì wọn ni ọkàn wọn máa ń ní àléébù. Nínú èyí tó pọ̀ jù lọ, a kì í rí ìdí kan pàtó. Kì í ṣe oúnjẹ tí ìyá ọmọ jẹ. Kì í ṣe pé ó rìn lọ́sàn-án gangan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ nílé.

Ọkàn ní yàrá mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Apá ọ̀tún ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró kí ó lọ gba ọ́síjìn, apá òsì sì ń ti èyí tó ti gba ọ́síjìn káàkiri ara. Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, ìyá rẹ̀ ló ń mí fún un, kò tíì nílò ẹ̀dọ̀fóró. Ọlọ́run wá fi ọ̀nà àbùjá méjì sí i lára. Ọ̀kan jẹ́ ihò láàárín àwọn yàrá òkè. Èkejì jẹ́ iṣan kúkúrú kan tó so iṣan ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ mọ́ iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Bí ọmọ bá ti dé ayé, láàárín ọjọ́ mélòó kan, iṣan àbùjá yìí á dí.

Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, kí ó dí ló dáa. Ṣùgbọ́n ọmọ mìíràn wà tó jẹ́ pé iṣan ńlá rẹ̀ kò là dáadáa, tàbí pé ọ̀nà tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dí pátápátá. Àbùjá yẹn nìkan ló fi ń gbé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á ké ketekete lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, á mu ọyàn, wọ́n á sì ní kí ìyá máa gbé e lọ sílé. Ó di ọjọ́ kẹta, ó di ọjọ́ karùn-ún, àbùjá bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Kí ọjọ́ ìkómọ tó pé, ọmọ ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù, kò sì lè mu ọyàn mọ́. Wọ́n á ní òtútù àyà ni. Wọ́n á ní wọ́n ti fi ojú burúkú wò ó ni.

Ní 1976 ni Peter Olley àti Flavio Coceani, ní Toronto, Kánádà, fi hàn pé oògùn prostaglandin lè mú kí iṣan àbùjá yìí wà ní ṣíṣí. Oògùn náà kò wo ọkàn sàn. Ó kàn ń dá ikú dúró díẹ̀ kí a lè ráyè ṣe ohun tó yẹ. Ẹ máa rántí èyí bí mo ṣe ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ tí kátítà àti abẹ jọ ń ṣe, kí ọmọ lè ráyè dàgbà díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é fún.

Ọwọ́ àkọ́kọ́ ni ti oníṣẹ́ abẹ. Ní 1938, ní Boston, Robert Gross so iṣan àbùjá kan tó kọ̀ tí kò dí lára ọmọbìnrin ọmọ ọdún 7. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1944, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, Alfred Blalock mú iṣan tó ń lọ sí apá ọmọ kan, ó rán an mọ́ iṣan ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè ríbi dé ẹ̀dọ̀fóró. Helen Taussig ló mú àbá náà wá. Dókítà ọmọdé ni, etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa, ọwọ́ ló fi ń tẹ àyà ọmọ láti mọ bí ọkàn ṣe ń lù. Vivien Thomas ló sì ti ṣe iṣẹ́ náà lára ajá léraléra títí ọwọ́ fi mọ́ ọn. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni, owó tó tọ́jú láti fi kàwé ti ṣègbé nígbà tí báńkì wó, kò sì di dókítà. Òun ló dúró lẹ́yìn Blalock lọ́jọ́ náà, tó ń sọ ibi tí yóò gba fún un. Ìwé tí wọ́n kọ jáde lórí iṣẹ́ yẹn kò dárúkọ rẹ̀, 1976 ni yunifásítì náà tó fi oyè ìdánilọ́lá dókítà dá a lọ́lá. Ó ń dùn mí títí dòní. Mo sì sọ ọ́ níbí nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pàá, kò sí ẹnì kan tó dá wo ọkàn ọmọ sàn. Lẹ́yìn wọn, ní 1953, John Gibbon lo ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, ìgbà yẹn ni oníṣẹ́ abẹ tó lè dá ọkàn dúró, kó ṣí i, kó sì tún inú rẹ̀ ṣe.

Ọwọ́ kejì ni kátítà. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì mọ kátítà ìtọ̀ dáadáa. Èyí tí wọ́n ń tì bọ ọkàn ìkókó kéré gan-an, fífẹ̀ òmíràn kò ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ. Ní 1929, Werner Forssmann, ọ̀dọ́ dókítà kan ní Jámánì, ti irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ gba iṣan apá ara rẹ̀ títí ó fi dé inú ọkàn rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí yàrá ẹ́síréè kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀. Ó di 1956 kí ó tó gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀. Ní 1966, William Rashkind ní Philadelphia fi kátítà tó ní bálúùnù kékeré lórí la ihò láàárín àwọn yàrá òkè ọkàn ìkókó. Àwọn ọmọ tí iṣan ńlá méjèèjì wọn gba ipò ara wọn ló ṣe é fún, kí ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn lè pò mọ́ èyí tí kò ní. Nígbà tó di 1975, Adib Jatene ní Brazil gé iṣan méjèèjì, ó sì dá kálukú wọn padà sí ibi tó yẹ kó wà. Láti ìgbà náà, bálúùnù á gba ọmọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, abẹ á wá tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Lójú tèmi, níbẹ̀ ni ọwọ́ méjèèjì ti kọ́kọ́ pàdé, kó tó di pé ẹnikẹ́ni fún un lórúkọ tí wọ́n ń pè é, hybrid.

Àwọn àgbà wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹ wo ọmọ tó wọn kílò 3. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀ kò ju nǹkan bí mìlílítà 250 lọ, ìyẹn ìdajì omi inú ọ̀rá pure water kan. Ọkàn rẹ̀ kò ju nǹkan bí gíráàmù 20 sí 25. Páìpù ẹ̀rọ tí yóò dípò ọkàn yẹn nìkan lè gba ẹ̀jẹ̀ tó gbogbo èyí tó wà lára ọmọ. Tí ọmọ bá kúrò lórí ẹ̀rọ, ara rẹ̀ á wú, kíndìnrín rẹ̀ lè dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọpọlọ náà lè fara gbá. Tí ọmọ bá tún jẹ́ ọmọ oṣù méje tí kò tó kílò 2 àti ààbọ̀, ewu yẹn á pọ̀ sí i. Ti kátítà náà ní ibi tó mọ. Iṣan itan ìkókó kéré, rọ́bà tó le kò lè yí kọ́nà nínú ọkàn tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kó má da lílù rẹ̀ rú. Kátítà kò lè rán nǹkan, kò sì lè gbé iṣan láti ibì kan lọ sí ibòmíràn.

Ihò kan wà tó máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú ògiri ẹran tó pín àwọn yàrá ìsàlẹ̀ níyà. Tí oníṣẹ́ abẹ bá ṣí ọkàn, kì í rí ihò yẹn dáadáa, nítorí fọ́nrán ẹran tó bò ó. Tí ọmọ bá ti dàgbà, kátítà lè gba itan lọ dí i. Ọmọ oṣù mẹ́ta tí kò wúwo, tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti kún fún ẹ̀jẹ̀, kò lè dúró de ìgbà yẹn. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá parí, Zahid Amin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe ohun tó rọrùn láti sọ, tó sì le láti ṣe. Oníṣẹ́ abẹ á ṣí ìsàlẹ̀ egungun àyà díẹ̀, ọkàn á sì máa lù lọ, wọn kò ní lo ẹ̀rọ kankan. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún ara yàrá ọ̀tún, wáyà á gba ibẹ̀ kọjá nínú ihò náà, rọ́bà kúkúrú á tẹ̀ lé wáyà, wọ́n á sì gba inú rọ́bà ti ìdérí tí wọ́n fi okùn irin hun sí ojú ihò. Dókítà kejì ń wo gbogbo rẹ̀ lórí sikáànù ọkàn, ó ń sọ fún ẹni tó di wáyà mú pé kó sún síwájú díẹ̀, kó dúró. Kò sí kọ́nà gígùn tí kátítà ní láti yí mọ́. Kò sí ẹ̀rọ tí ọmọ ní láti gùn mọ́.

Èyí tí mo fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀ ni ti ọmọ tí apá òsì ọkàn rẹ̀ kò dàgbà nínú oyún. Yàrá tó yẹ kó máa ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara kò ju ibi fífún kan lọ, ìbẹ̀rẹ̀ iṣan ńlá lè má ju mìlímítà 2 tàbí 3 lọ. Kí ọdún 1980 tó dé, wọ́n máa ń ní kí òbí gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sílé kó lọ kú ni. William Norwood ló là á já pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ mẹ́ta tó tẹ̀ léra, tí ọmọ yóò fi máa gbé pẹ̀lú apá ọ̀tún ọkàn rẹ̀ nìkan. Èyí àkọ́kọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló le jù: ọmọ ọ̀sẹ̀ kan, lórí ẹ̀rọ, iṣan tó rí bí òwú ni wọ́n ń fẹ̀, tí wọ́n ń rán.

Ní 1993, àwọn dókítà ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ jáde pé àwọn ti fi sítẹ́ǹtì, páìpù onírin kékeré, di iṣan àbùjá mú kó má lè dí mọ́. Hakan Akintürk àti Dietmar Schranz ní Giessen, ní Jámánì, àti Mark Galantowicz àti John Cheatham ní Columbus, ní Ohio, wá sọ ọ́ di iṣẹ́ tó ní ìlànà. Báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Oníṣẹ́ abẹ á ṣí àyà, á sì di ìgbànú tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ iṣan ẹ̀dọ̀fóró ti ọ̀tún àti ti òsì, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa ya bo ẹ̀dọ̀fóró. Lójú ibẹ̀ náà ni dókítà kátítà á gba ara iṣan ẹ̀dọ̀fóró, tó ti wà lójú táyé báyìí, ti sítẹ́ǹtì bọ inú àbùjá. Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ yẹn tàbí lọ́jọ́ mìíràn, bálúùnù á fẹ ihò tó wà láàárín àwọn yàrá òkè. Ọkàn kò dẹ́kun lílù rárá. Ọmọ náà á lọ máa dàgbà. Nígbà tó bá pé oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, tó ti ní ara díẹ̀, ni wọ́n á tó gbé e sórí ẹ̀rọ, tú ìgbànú àti sítẹ́ǹtì kúrò, kí wọ́n sì tún iṣan ńlá rẹ̀ ṣe.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀nà yìí ń yọ ọmọ kúrò lọ́wọ́ iṣẹ́ abẹ ńlá. Ó sún un síwájú ni, iṣẹ́ tí wọ́n sì sún síwájú yẹn máa ń gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí ìgbànú bá fún jù, ọmọ kò ní rí ọ́síjìn tó, tó bá dẹ̀ jù, ẹ̀dọ̀fóró á kún. Sítẹ́ǹtì lè yẹ̀ tàbí kí ojú rẹ̀ tún há. Títí di báyìí, fún ọmọ tó pé oṣù tí ara rẹ̀ sì le, kò tíì hàn pé ọ̀nà yìí dára ju ti Norwood lọ. Ibi tí mo gbà pé ó ti wúlò jù ni fún ọmọ tí kò pé oṣù, tí kò wúwo, tàbí tí ọpọlọ rẹ̀ ti ṣẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀rọ yóò pa.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ṣe pàtàkì ju yàrá tí abẹ àti kátítà ti jọ ń ṣiṣẹ́ lọ. Yàrá náà wà lóòótọ́, ó tóbi, ó ní ẹ́síréè tó ń yí po bẹ́ẹ̀dì, ó mọ́ bíi tíátà, owó rẹ̀ sì ga. Ṣùgbọ́n tí oníṣẹ́ abẹ, dókítà kátítà, ẹni tó ń fún ọmọ lóògùn oorun, ẹni tó ń wo sikáànù àti nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe kò bá kọ́kọ́ jókòó yí fọ́tò ọmọ kan ká, kí kálukú sọ ohun tí ọwọ́ òun kò ká, yàrá olówó ńlá yẹn kò ní gba ẹnikẹ́ni là. Láti 1974 ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣí ọkàn ní Enugu, nílẹ̀ wa níbí. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ọkàn ọmọdé wà ní Ìbàdàn, wọ́n sì wà ní Èkó. Kò yẹ kí Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ láti orí yàrá. Olikoye Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, dókítà ọmọdé tó ṣe mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, fi omi oníyọ̀ àti ṣúgà gba ẹ̀mí àwọn ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ì bá pa. Ohun kékeré tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ìyá ni ó gbájú mọ́. Ọ̀nà tirẹ̀ ni kí a tọ̀.

Ohun kékeré tiwa ni ọ́síímítà, ẹ̀rọ tí ń há ọmọ lọ́wọ́ tó ń ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Tí ọmọ bá ti lé ní wákàtí 24 láyé, kó tó máa lọ sílé, ẹ fi há ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹ fi há ẹsẹ̀ kan. Tí ó bá jẹ́ 95 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò sì fi ju 3 lọ yàtọ̀ síra wọn, ọmọ ti yege. Tí ọ̀kan bá wà nísàlẹ̀ 90, ẹ má dúró. Tí ó bá wà láàárín méjèèjì, ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí kan. Ojú nìkan kò tó o. Ara wa dúdú, ètè dúdú lè tan ènìyàn jẹ. Ẹ la ẹnu ọmọ, ẹ wo ahọ́n àti èrìgì bóyá ó ti mú àwọ̀ aró. Ọmọ tó ń làágùn lórí bó bá ń mu ọyàn, tó ń sinmi lẹ́ẹ̀mẹta kó tó mu ún tán, tí kílò rẹ̀ kò gòkè, tí wọ́n ti tọ́jú òtútù àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya sikáànù ọkàn rẹ̀. Àgbo kò dí ihò inú ọkàn, ó sì lè ba kíndìnrín ìkókó jẹ́.

Tí ẹ bá fura, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, ẹ sì pe wọ́n lórí fóònù kí ẹ tó gbéra. Ẹ jẹ́ kí ara ọmọ móoru. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó ṣí ọ́síjìn gbàgàdà, nítorí fún ọmọ tí apá òsì ọkàn rẹ̀ kò dàgbà, ọ́síjìn tó pọ̀ jù lè fa ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró kí ara má rí èyí tó tó. Ohun tí mo ń bẹ àwọn aláṣẹ sí ni pé kí prostaglandin má ṣe wọ́n nínú fíríìjì níbí. Inú òtútù ló ń gbé, iná ọba sì ń ṣe wá bó ṣe ń ṣe wá. Ẹni tó bá ń fún ọmọ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ mímí rẹ̀, nítorí oògùn náà lè dá mímí ìkókó dúró.

Ìyá kan bi mí lẹ́yìn ìpàdé pé kí ni òbí ọmọ tí apá òsì ọkàn rẹ̀ kò dàgbà ń ṣe láàárín iṣẹ́ àkọ́kọ́ àti èkejì. Ìbéèrè yẹn ló dáa jù. Oṣù mélòó kan yẹn léwu, nítorí ọkàn tí wọ́n tún ṣe ní ìlàjì ni ọmọ ń gbé kiri. Àwọn dókítà ní Milwaukee, ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ jáde ní 2003 pé àwọn fún òbí ní òṣùwọ̀n àti ọ́síímítà lọ sílé, ikú láàárín àkókò yẹn sì dínkù gan-an. Òwúrọ̀ òwúrọ̀, ẹ wọn ọmọ láìwọṣọ, ẹ ka ọ́síjìn rẹ̀, ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé. Tí kílò rẹ̀ bá fi gíráàmù 30 já wálẹ̀, tí kò bá fi gíráàmù 20 lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí ọ́síjìn rẹ̀ bá lọ sábẹ́ 75, tàbí tó bá ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ pe dókítà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ aago méjì òru.